Àpótí Tí Káfíńtà Gbé Lọ sí Ìlú Kejì

Ọkùnrin kan wà tó kan àpótí títí, tó fi gbà pé kò sí ohun kan láyé tí kò ní ojú kan pàtó tó ń gbé. Aṣọ ń gbé inú àpótí aṣọ, gàárì ń gbé inú àpótí gàárì. Bí wọ́n bá gbé àpótí lọ, ohun inú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Èèyàn dáadáa ni. Ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í ké. Ṣùgbọ́n ní ti oríkunkun, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè ròyìn rẹ̀.

Káfíńtà yìí ní ímeèlì. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nísàlẹ̀ ọjà ló bá a ṣí i, ọ̀fẹ́ sì ni. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ ka lẹ́tà, á wẹ̀, á wọ aṣọ tó mọ́, á lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, torí ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ṣí i fún un. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, á dúró dè é. Wọ́n ní kó lo òmíràn, ó ní rárá, ẹrù òun kò sí nínú ìyẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ohun tó ń bí èèyàn nínú nìyẹn. Gbogbo wọn ló mọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó fa àga sún mọ́ ọn kó ṣàlàyé fún un.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Àwẹ̀ró, tó ń gbé ní ọ̀nà jíjìn. Òun nìkan ló kù nínú ẹbí tó mọ oríkì ilé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ó ní kí ọmọ òun gba ohùn òun sílẹ̀. Ó ki oríkì náà tán, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sínú ímeèlì àbúrò rẹ̀. Káfíńtà gbọ́ ọ lẹ́bàá fèrèsé yẹn, ó sunkún, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kó wà níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Kò gbọ́ ohùn náà mọ́, ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ṣùgbọ́n bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á yọjú wo kọ̀ǹpútà yẹn bí ẹni ń wo ilé ẹbí rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ìyàwó Gbádé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bí ọmọkùnrin. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n ń múra ìsọmọlórúkọ, káfíńtà sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ni yóò ki ọmọ náà. Ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹni tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ti kó kúrò nílùú, ó sì ti ta gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé ńkọ́? Ó ní obìnrin oníbúrẹ́dì kan ní ìlú kejì ló rà á.

Káfíńtà délé, ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè, ó rò ó fún un.

Obìnrin náà gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Gbádé, lẹ́tà yẹn kì í ṣe ìṣó tẹ́ ẹ kàn mọ́ igi o."

Ọkọ rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́ kó dákẹ́, kí ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀, fóònù obìnrin náà tó máa ń dún lálaalẹ́, tí ọkọ rẹ̀ rò pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè é, kì í ṣe ọ̀rẹ́ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àkókò sínú kàlẹ́ńdà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó máa rán an létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ rẹ̀. Bó bá ti dún, á bu omi, á gbé oògùn wá. Ọkọ a gbé e mì, a sì máa yangàn káàkiri pé ìyàwó òun kì í gbàgbé nǹkan.

Káfíńtà bá lọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kan àpótí kan tó bá kọ̀ǹpútà yẹn mu, ó tẹ́ aṣọ rírọ̀ sí inú rẹ̀. Ohun tó rò ni pé, bó bá bẹ oníbúrẹ́dì dáadáa, yóò yá òun gbé e lọ sílé ìsọmọlórúkọ. Ó gbé àpótí lérí, ó gba ibùdókọ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ wọ bàtà, ó tẹ̀ lé e.

Oníbúrẹ́dì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹ̀fun ti bò ó lórí. Ó ní àwọn ti nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ó tàn án fún wọn. Àwòrán búrẹ́dì ni, òmíràn tẹ̀ lé e, búrẹ́dì náà ni. Káfíńtà jókòó lórí àpótí tó gbé wá.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì."

Ìyàwó rẹ̀ ìbá sọ ọ̀rọ̀ sí i nígbà yẹn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kò sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní kó sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ kí ímeèlì rẹ̀ tó ṣí.

"Kí ni kọ́kọ́rọ́ fẹ́ ṣe nígbà tí àpótí ti ṣófo?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́ sí mi létí."

Ó sọ ọ́ sí i létí. Obìnrin náà yọ fóònù tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá oní-nǹkan ló dé lóòótọ́, ó sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù káfíńtà, èyí tí kò fi ṣe ju kó pe èèyàn kó sì tan iná wá ìṣó lọ. Káfíńtà kà á síta, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lẹ́tà rẹ̀ yọ, gbogbo wọn pátá. Ìyàwó rẹ̀ tẹ orúkọ Àwẹ̀ró sí ibi ìwárí tó wà lókè, ohùn náà sì jáde láàárín òórùn búrẹ́dì: "Ọmọ a-gbẹ́-gi-títí-kígi-ó-fọhùn, Àdìgún, máa rọra."

Káfíńtà gbọ́ Àdìgún, oríkì tirẹ̀, ó wo fóònù, ó wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ìyá Gbádé, níbo ló wà látijọ́ yìí?"

"Kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan níbí. Ibi tẹ́ ẹ bá ti pè é ló ti máa ń dá yín lóhùn."

Òfìfo ni wọ́n gbé àpótí náà padà. Obìnrin náà kò jẹ́ kó sinmi nínú ọkọ̀. Ó fi ohùn náà sí ibi tí gbogbo ẹbí ti lè ṣí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ náà ni. Kí wọ́n tó délé, ìbátan kan ní Àbíjàn ti fi ẹsẹ̀ oríkì kan tí Àwẹ̀ró gbàgbé kún un. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n tó ti kú ki ọmọ tuntun, ọmọ náà sì sùn fọnfọn. Àpótí yẹn ni wọ́n ń kó aṣọ rẹ̀ sí títí di òní.

Ìwọ tó ń gbọ́ èyí, rọra rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ní ímeèlì. Ibi ìwárí wà lókè rẹ̀, o kò tẹ̀ ẹ́ rí. Àyè wà tó lè gba àwòrán ìyá rẹ, o fi wọ́n sílẹ̀ sórí fóònù kan ṣoṣo tó lè já sínú omi lọ́la. Kàlẹ́ńdà wà níbẹ̀, o sì ń gbàgbé ọjọ́ tó yẹ kó o lọ rí dókítà. Wọ́n fún ọ ní ilé odindi lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu ọ̀nà lo jókòó sí. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n lò, má lọ kan àpótí. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọ jù lọ nínú ilé. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kó jẹ́ ìwọ lo ní kó dákẹ́.