Ìdákẹ́ Òkété Opó

Ẹ súnmọ́ mi, ọmọ. Ààlọ́ mi rèé o!
Ààlọ̀!

Láàárín òkété, opó kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Nínú irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ ni baba Ìmàdò ti wá tọrọ òkè kan rí. Ó ní ìdákẹ́ opó ibẹ̀ ni ìyọ̀ǹda, ó sì hú eegun òkú ibẹ̀ dànù nítorí wúrà.

Ìmàdò ọmọ rẹ̀ dé òkè tó kù, níbi tí Òkété opó jókòó sí, tí erùpẹ̀ ibojì ọkọ rẹ̀ ṣì tutù.

“Ìyá, ṣé kí n wà á?”

Òkété dákẹ́.

“Ṣé kí n wà á? Ahọ́n yín dà?”

Òkété yíjú sí ibojì ọkọ rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o! Ẹni tó dákẹ́ ti gbà.”

“Rárá!” ni Òkété ké. “Ọkọ mi á dárí jì mí. Rárá!”

Gbogbo ihò òkè náà gbè é. Ìmàdò pẹ̀yìn dà.

Ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ gbè é.
Rárá!