Ibùdókọ̀ Tí Ọkọ̀ Kò Dé

Ọkùnrin kan wà, oníyanrìn ni, tí ó dìde dúró lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo ará ìlú rẹ̀, tí ó ní, "Láti òní lọ, òòrùn kò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́ níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ ní ìlú yìí. Òjò pàápàá kò ní pa á. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rọra pa á ni, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ru ẹrù ti oko bọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n dúró gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ibùdókọ̀ ló kọ́ fún wọn. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ, ó dára. Ó da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ rẹ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù ṣe ìjókòó gígùn sínú rẹ̀, ó fi páànù tó nípọn bò ó, ó sì kùn ún ní ọ̀dà búlúù. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tún kọ ọ́ sí ẹ̀yìn níbi tí igbó wà, bóyá nítorí àwọn ọ̀yà. Ẹnu àbájáde ìlú ló kọ́ ọ sí, kí ojú gbogbo lè máa rí i.

Ìṣòro kan péré ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kì í wá sí ìlú náà mọ́.

Kí oníyanrìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létí odò ìlú yẹn, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde. Ọlọ́kadà pọ̀ bí eṣinṣin. Tòmátì tí àwọn obìnrin bá ká ní ìrọ̀lẹ́, kí òòrùn tó mú lọ́jọ́ kejì ló ti dé ọjà ìlú ńlá. Ìgbà tí oníyanrìn gbé katapílà dé, tó ń wa yanrìn, ni típà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìlú ní. Wọ́n á gbé ẹrù wúwo lọ, wọ́n á sáré padà lófìfo. Ọ̀nà kọ́kọ́ sán, lẹ́yìn náà ó jìn, nígbà tó yá kò ṣeé pè ní ọ̀nà mọ́. Kòtò kan wà níbẹ̀, tí ewúrẹ́ bá bọ́ sínú rẹ̀, ìwo rẹ̀ nìkan lo máa rí. Iwájú kòtò yẹn gan-an ni ibùdókọ̀ wà. Awakọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ dá lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ ṣépè fún gbogbo ìlú, kò sì padà wá. Àwọn yòókù gbọ́. Láti ìgbà náà, orí ni tòmátì ń gbà lọ sọ́jà, ìdajì rẹ̀ a sì ti di omi sí ẹni tó rù ú lára kó tó débẹ̀.

Ní ìlú yẹn, gẹ́gẹ́ bíi tiwa níbí, ẹni tí a bá ṣe lóore lánàá gbọ́dọ̀ jí lọ dúpẹ́ lónìí. Bí inú rẹ̀ dùn, bí kò dùn, yóò lọ. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, baálẹ̀ kó àwọn àgbà mélòó kan sẹ́yìn, ó di ilé oníyanrìn. Wọ́n kí i, wọ́n kí ìyàwó rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún un. Baálẹ̀ sọ pé ibùdókọ̀ náà dára gan-an, pé ó kù kí ẹnì kan lọ sọ fún àwọn ọkọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Oníyanrìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀fẹ̀ baba yìí ni yóò pa òun. Ó gbé ọtí fún wọn. Wọ́n mu ún, wọ́n dúpẹ́ ọtí náà pẹ̀lú, wọ́n sì fẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ tí o ní wọ́n ń bínú nítorí ọ̀nà. Ṣé ẹni tó ń bínú ló ń wá dúpẹ́ ni?"

Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Ó ka ọpẹ́ sí ẹ̀rí pé òun ti ṣe ohun tó yẹ. Ó gbàgbé pé bí a bá gba bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọlúàbí, tí a wá fún un ní fìlà, yóò dúpẹ́ fìlà. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ló ń dúpẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin yìí bí ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, Ìbídùnní ni wọ́n ń pè é. Láti kékeré ló ti ń sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, tó bá kúnlẹ̀, ọwọ́ òun baba rẹ̀ ló máa wà lórí rẹ̀, òun ló sì máa súre fún un. Ọjọ́ náà kù ọ̀la. Ìlú ńlá ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀. Wọ́n wá sọ fún un pé katapílà kọṣẹ́. Ó ní òun á sáré lọ wò ó, òun á sùn sí ilé òun ní ìlú òun lọ́hùn-ún, òun á sì jáde ní kùtùkùtù. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi katapílà sílẹ̀. Oníyanrìn ní ọ̀nà ìlú baba òun ni, ta ló máa dí i mọ́ òun?

Òjò rọ̀ mọ́jú. Ó wọ agbádá funfun, awakọ̀ rẹ̀ sì fi jíìpù gbé e dé ẹnu àbájáde ìlú. Típà kan ti ṣáájú wọn débẹ̀. Yanrìn kún un dẹ́nu, ó sì ti dùbúlẹ̀ sínú kòtò, ó dábùú ọ̀nà, bí ẹni tí kò ní jí lónìí. Orúkọ oníyanrìn wà lára òun náà.

Àwọn géńdé ìlú jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Wọ́n wa ẹrẹ̀, wọ́n ki igi bọ abẹ́ táyà, wọ́n tì í, wọ́n fà á. Ṣe ló ń rì sí i. Oníyanrìn tẹ ìyàwó rẹ̀ láago pé kí wọ́n rán ọkọ̀ mìíràn wá, ó tún pè é nígbà tó yá. Ìyàwó ní ọkọ̀ tí àwọn rán wá gbé e ti dé oríta títì ọlọ́dà, pé awakọ̀ náà wo ọ̀nà, ó ní òun kò wọ ibẹ̀, pé iṣẹ́ ọkọ̀ lòun ń ṣe, òun kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó tún ní àwọn àna ti jókòó. Oníyanrìn ní kí àwọn géńdé bá òun wá ọ̀kadà. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà dà?"

Baálẹ̀ ti dé. Ó wo agbádá funfun, ó wo ẹrẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Má dúró sínú ẹrẹ̀, ọmọ mi," ó ní. "Lọ jókòó sí ibùdókọ̀ rẹ. Bóyá ọkọ̀ á kọjá."

Ó lọ jókòó. Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Kò pa á. Páànù náà dára. Ewúrẹ́ méjì sún fún un, wọn kò dìde. Ó ń retí pé awakọ̀ oríta á yí ọkàn padà.

Ìyá arúgbó kan tó ń lọ sọ́jà gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì bọ̀ láti inú ìlú, ó yà síbẹ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tó mọ ẹni tó jókòó, ó kúnlẹ̀. Ó ní kó máà bínú, pé lọ́jọ́ tí àwọn yòókù wá dúpẹ́, ara òun kò yá, pé ojú ti ń ti òun láti ọjọ́ yẹn. Ó ní Ọlọ́run á bá a dá ọmọ rẹ̀ sí, pé bí ọrùn bá ti ń ro òun bọ̀ láti ọjà, ibẹ̀ lòun ti ń sinmi.

 Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ìgbà wo lẹ wọ ọkọ̀ níbí gbẹ̀yìn?"

Ìyá arúgbó ronú. Kò fẹ́ parọ́.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀," ó ní. "Kí ẹ tó kọ́ ọ ni."

Oníyanrìn bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká agbádá sí èjìká, ó tẹ̀ lé obìnrin náà nínú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi dé oríta. Ó bá a gbé apẹ̀rẹ̀ náà níbì kan. Nígbà tó dé ibi ìgbéyàwó, wọ́n ti súre tán. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n gbé lé orí ọmọ náà. Ìbídùnní rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Dádì." 

Nígbà tó padà sí ìlú, oníyanrìn tún ọ̀nà náà ṣe. Ó dí kòtò, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọtí sórí tábìlì, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń retí baálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ó gbọ́ tí ọ̀kadà ń fọn fèrè lọ sọ́jà. Ó jókòó títí di ọ̀sán kó tó yé e pé ẹni tó dá bàtà oní-bàtà padà, a kì í lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọtí náà padà sínú fìríìjì.

Ọ̀rẹ́ mi, ìtàn tèmi parí. O wá ní kí n bá ọ ṣàdúrà lọ́la níbi tí o ti fẹ́ pín ìwé tí àwòrán rẹ wà lára rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé. Mo ti ṣe irú àdúrà yẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n màá wá. Jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ yìnyín rẹ ń bẹ lára ògiri iléèwé yẹn, ariwo rẹ̀ kì í sinmi, mo sì gbọ́ pé ọwọ́ ni àwọn olùkọ́ fi ń ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ náà á gba ìwé. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Lọ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀ ná. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò wá kí ọ, fọkàn balẹ̀. O ti ṣe é dáadáa nìyẹn.