Àwẹ̀ró, Ẹni Tó Fi Orúkọ Òkú Sọ Igi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òkun gba Fẹ́yìntìmí, ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, wà nídìí ààrò, ó ń yan ẹja. Igi ẹ̀gbà ló fi ń dáná, igi etí omi tí gbòǹgbò rẹ̀ ta bí ẹsẹ̀ akàn, nítorí kò sí igi tí í mú ẹja pọ́n bíi tirẹ̀. Fẹ́yìntìmí gbé àjẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń bá a ṣẹ̀fẹ̀.

“Àwẹ̀ró, èéfín ti sọ ọ́ di àjòjì. Bí mo bá dé, báwo ni n ó ṣe mọ ìyàwó mi?”

“Ẹ kọ́kọ́ dé ná,” ni Àwẹ̀ró wí.

Kò dé. Ìjì da ọkọ̀ dé mọ́ òun àti Dúrósinmi, ọmọ Ìyá Dúró, aládùúgbò wọn, a kò sì rí òkú wọn. Omi gun orí ilẹ̀, ó kó ilé, ó kó ewúrẹ́, ó hú ibojì àwọn baba ńlá lọ. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti dé, òkun a tún bù nínú ìlú bí ọmọdé ti ń bu àkàrà jẹ. Nígbà tó yá, Ọlọ́jà, olórí ìlú, ní kí gbogbo ènìyàn palẹ̀ mọ́, kí wọ́n ṣí lọ sí ìgbẹ́ òkè.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Baba, ọkọ mi kò ní ibojì àfi omi yìí. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa kí i? Ẹ wo ẹnu ọ̀sà, níbi tí a kò tíì gé ẹ̀gbà: ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mì. Àwa fúnra wa la ṣílẹ̀kùn fún òkun, nítorí ẹja yíyan.”

“Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ìyá,” ni Ọlọ́jà wí. “Ṣùgbọ́n n kò ní lé opó kúrò lẹ́bàá ọkọ rẹ̀. A ó ṣì dúró díẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀gbà padà sétí omi; òun nìkan ló ń wọ ẹrẹ̀. Ara igi ìyá ni ọmọ ẹ̀gbà ti ń hù kó tó já, ó gùn tó apá ọmọdé. Àwẹ̀ró ń ṣà wọ́n, ó ń gún wọn mọ́lẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ kọjá a máa kígbe pé, “Ìyá igi, àwọn ọmọ ńkọ́?” Àwẹ̀ró a kàn máa gbìn lọ. Kò bímọ rí.

Nígbà tí igi ga tó ènìyàn, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn dáná. Lọ́jọ́ kan Àwẹ̀ró tọ ipa àdá dé ìdí ààrò Ìyá Dúró, ó bá igi tútù nínú iná.

“Igi lásán ni o,” ni Ìyá Dúró wí. “Ṣé o fẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ mi yan ẹja ni?”

“Kì í ṣe igi lásán. Nígbà tí mo gbìn ín, mo sọ ọ́ lórúkọ. Dúró lẹ fi ń dáná yẹn.”

Ìyá Dúró ki ọwọ́ bọ iná, ó sì fa igi náà jáde.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti tàn, ẹrẹ̀ ti kún fún ènìyàn. Ẹni tí òkun gba baba rẹ̀ gbin igi, ó fi orúkọ baba sọ ọ́; ẹni tí ó gba ìyàwó rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ta ni yóò yọ àdá sí baba rẹ̀ nítorí ẹja? Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí ìjì ńlá mìíràn dé, ó bú ramúramù lẹ́yìn igbó ẹ̀gbà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ìlú kò sì ṣí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kì í: Àwẹ̀ró a-fi-òkú-sé-òkun, opó tí omi kò lè lé nílé.

Ìdí-Ẹ̀gbà ni orúkọ ìlú náà dòní. Igi mìíràn ni wọ́n fi ń yan ẹja níbẹ̀. Bí omi bá gbé ènìyàn lọ tí kò dá a padà, wọn kì í gbẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbà ni wọ́n ń gbìn. Igi ti bí igi, kò sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ Fẹ́yìntìmí mọ́. Nígbà ayé rẹ̀, Àwẹ̀ró nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìdí rẹ̀ ló máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò fi han ẹnikẹ́ni.