Òpó Tí Ọ̀gá Kò Lè Jókòó Sí Ìdí Rẹ̀
Òpó iná onírin ló wó pa Láyẹmí lẹ́nu iṣẹ́, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá Gbádébọ̀, tó gba iṣẹ́ òpó ìlú, fi mú ọlọ́pàá wá bá Àkànmú ajórin tó jó òpó náà, ó ní, "Irin tí o kò jó dáadáa ló pa á. Bí o bá ní àwòrán òpó tí mo yà fún ọ ni kò dára, fi ìdajì irin tí mò ń lò ṣe òpó tí ìjì kò ní wó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n yá." Òpó ọ̀gá tóbi bákan náà láti ìdí dé orí, bẹ́ẹ̀ ìdí ni gbogbo agbára ìjì ń já lé. Àkànmú ká irin pẹlẹbẹ, inú rẹ̀ ṣófo bí ọparun, ìdí fẹ̀, orí tín-ín-rín. Wọ́n rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn nínú àwọn òpó ọ̀gá. Àṣà ṣọ́ọ̀bù àwọn ajórin ni pé ẹni tó bá ní òpó òun le, ìdí rẹ̀ ni yóò jókòó sí nígbà tí wọ́n bá ń fi okùn fà á. Àkànmú jókòó. Ọkùnrin mẹ́fà fi okùn fa òpó náà. Òpó tẹ̀, ó sì padà nàró. Àkànmú dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀ nù, ó ní, "Ọ̀gá mi, ó kàn yín. Ẹ wá jókòó sí ìdí tiyín." Ọ̀gá wo òpó, ó wo okùn, ó fẹ̀yìn rìn. Ọlọ́pàá yíjú sí i. Ìyá Láyẹmí, tó dúró láàárín èrò, ní: "Áà, ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì ní kí ọmọ mi dúró sí ìdí rẹ̀."