Aṣọ Abẹ́ Mọ́rísì Bánúsọ

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì ṣọ̀wọ́n ní Ẹ̀pẹ́, Bánúsọ awakọ̀ ní Mọ́rísì dúdú kan tó fi ń gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ìyàwó tí kò bá gun Mọ́rísì Bánúsọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi bímọ. Ọkọ̀ yìí náà ni Bánúsọ fi gbé Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó tirẹ̀, wá láti Èjìnrìn. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n jọ ń sunkún, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ayé dùn nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ìlú etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́, ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí irin pẹ́. Bí òjò bá ti dáwọ́ lọ́dọọdún, Bánúsọ á fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni sípíríǹgì ẹ̀yìn wà, àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn, tó ń gbé ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀. Á ha ìpẹtà ara wọn dànù, á ki gírísì sáàárín wọn, á wá fi aṣọ tó ti rẹ sínú ọ́ìlì wé wọn yíká bí ẹni wé ọgbẹ́. Àwọn awakọ̀ yòókù a máa fi í rẹ́rìn-ín pé ó ń wọ aṣọ fún ọkọ̀. Bánúsọ á ní òun kò fẹ́ kí òtútù mú un, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Bánúsọ kú, ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ Odùnúgà ọmọ rẹ̀. Odùnúgà fẹ́ràn ọkọ̀ náà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àràárọ̀ ló ń fọ̀ ọ́, tó ń nù ún, débi pé obìnrin lè wo ara ọkọ̀ náà wé gèlè. Àkísà dúdú tó ń yọjú lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń tì í lójú. Lọ́jọ́ kan tí ó fẹ́ lọ gbé ìyàwó, ó tú gbogbo rẹ̀, ó sun ún, ó sì fi ọ̀dà dúdú kun irin náà. Rẹ̀mílẹ́kún, ìyá rẹ̀, sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Odùnúgà fèsì pé, “Màámi, ọ̀dà ti bò ó. Ó ti mọ́.”



Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀dà ń dán lóde, omi ń jókòó sáàárín irin. Rẹ̀mílẹ́kún darúgbó. Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ránṣẹ́ láti Èjìnrìn pé kí àbúrò òun gbé Mọ́rísì yẹn wá, kí òun fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó re ibi àgbà ń rè. Inú Rẹ̀mílẹ́kún dùn débi pé kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ nínú ilé. Odùnúgà fọ ọkọ̀ títí tó fi ń kọ yẹ̀rì.

Wọ́n ti dé agbedeméjì ọ̀nà, ìyá ń fi ibi tí wọ́n ti dúró mu omi lọ́jọ́ ìgbéyàwó han ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sí kòtò kékeré kan. Irin dún gbàù, ìdí ọkọ̀ sì jókòó sílẹ̀. Odùnúgà wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ṣì ń dán lẹ́yìn irin náà, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ti di erùpẹ̀ pupa. Ẹkún ló sun jáde.

Ó ní, “Ẹ má bínú, Màámi. Àkísà yẹn tí mo tú ni.”

“Kì í ṣe àkísà,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Aṣọ ìgbéyàwó mi ni. Èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi ya á fún bàbá rẹ lọ́dọọdún. Ó ní aṣọ tó gun ọkọ̀ náà wá, kó máa bá a lọ.”

Ọkọ̀ tó kó igi ìdáná ló gbé wọn dé Èjìnrìn. Àwẹ̀ró ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ó di àbúrò rẹ̀ mú, ó sì tún na ọwọ́ kejì síta, ó ń fi í táràrà kiri, ó ń wá irin.

“Mọ́rísì dà, Rẹ̀mí? Wọ́n ní ó ṣì ń dán bí ọjọ́ tí a gùn ún.”

Rẹ̀mílẹ́kún wo ọmọ rẹ̀ tó dorí kodò. Kò fẹ́ dójú tì í.

“Ó ń dán, Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. “Abẹ́ rẹ̀ ni a kò béèrè.”

Àwọn tó dúró níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ohunkóhun bá ń dán jù lójú ọmọdé, àgbà á rọra pa á lówe pé: ọkọ̀ tó ń dán, abẹ́ rẹ̀ là ń béèrè.