Ahọ́n Ẹkùn Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n kọ́kọ́ mú, tí ọ̀rọ̀ yìí fi jáde? Mo ti bi àwọn èèyàn léèrè. Ẹnì kan ní ẹyin ni. Ẹlòmíràn ní ìkòkò omi ni. Ẹnì kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó ni. Ìyá ìyá mi, ọmọ bíbí Ìlọ́dàn, kò gba ìkankan nínú wọn. Ó ní ewé ẹlẹ́gùn-ún kan ni, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí.

Akínlàjà ni orúkọ ọkùnrin náà. Ará Ìlọ́dàn ni, ìlú inú ọ̀dàn tí igi ibẹ̀ kò pọ̀, tí ibòòji ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àgbẹ̀ ni, agbára ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá sísọ. Kùkùté tí ọkùnrin mẹ́ta bá fà tì, òun nìkan ni yóò hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Láti oko dé oko ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè é, òun náà a sì máa fọ́nnu pé kò sí ohun tó fìdí múlẹ̀ tí ọwọ́ òun kò lè fà jáde. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ọlọ́yàyà ni. Ìkòkò àti ilẹ̀kùn ni kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kí ó tó fẹ́ Àwẹ̀ró, opó kan láti Ẹsẹ̀-Òkè, abúlé inú igbó tó jẹ́ ìrìn òwúrọ̀ sí ọ̀sán sí Ìlọ́dàn. Ọdẹ ni ọkọ Àwẹ̀ró àkọ́kọ́, Ọdẹ́yalé. Igi ló wó lù ú. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Ìbíyẹmí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwẹ̀ró mú un dání wá sílé ọkọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí ń jẹ́ Ọdẹ́bíyìí, gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá ìgbà fún wọn: bí iṣu tuntun bá jáde tí ara ọmọ náà kò tíì mọlé, òun yóò wá mú un padà sí agboolé bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, nítorí ọmọ wọn ni.

Ara ọmọ náà kò sì mọlé. A máa kúnlẹ̀ kí Akínlàjà láràárọ̀, nítorí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkíni yẹn, kò tún sí ọ̀rọ̀ kankan títí di ọjọ́ kejì. Kò pè é ní bàbá, kò pè é ní nǹkan kan. Oúnjẹ, ó kàn ń tọ́ ọ wò ni. Akínlàjà sa gbogbo ipá rẹ̀. Ó ra ìlẹ̀kẹ̀ fún un, ọmọ náà dúpẹ́, ó sì kó o sínú igbá. Lọ́jọ́ ọjà, ó gbé e sí èjìká lójijì kí ó lè máa wo gbogbo ọjà láti òkè. Ọmọ náà sunkún títí wọ́n fi délé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ ọmọ náà. Àwẹ̀ró rò ó títí. Ó ní ewé ẹlẹ́gùn-ún kan wà lẹ́yìn ilé àwọn ní Ẹsẹ̀-Òkè, tí Ọdẹ́yalé gbìn nítorí ikọ́. Ìbíyẹmí ló máa ń bomi rin ín láràárọ̀, ibẹ̀ sì ni òun àti bàbá rẹ̀ ti máa ń tàkúrọ̀sọ.

Akínlàjà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ní ewé ẹlẹ́gùn-ún kò ṣọ̀wọ́n, ó jáde, kò sì pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú dágunró ẹ̀kún apá. Ọmọ náà wò ó, ó mi orí. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ta ló ń gbin dágunró, ohun tí gbogbo èèyàn ń ro kúrò lójú ọ̀nà?

"Ahọ́n ẹkùn ni mò ń wí, ọkọ mi," ló sọ. "Inú igbó ló ń hù, lẹ́bàá omi, níbi tí oòrùn kì í dé."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Akínlàjà gba ọ̀nà igbó Ẹsẹ̀-Òkè lọ. Lẹ́bàá odò kékeré kan ló ti rí ewé náà, ó ga tó àyà rẹ̀, ẹ̀gún yí etí rẹ̀ po. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó fà á. Ìdí rẹ̀ ló já, gbòǹgbò kò bá a wá. Ó fa òmíràn, bákan náà ló rí. Ó di ìtí ńlá kan, ó rù ú nínú oòrùn wálé, ó sì gbìn ín sáàárín àgbàlá kí gbogbo ayé lè rí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ewé náà ti sorí kọ́. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n gbẹ bí koríko òrùlé.

Ọwọ́ Akínlàjà ńkọ́? Ó wú, ẹ̀gún kún inú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó jókòó ti ògiri, ó ń fi èékánná fún un, ó ń pòṣé. Àwẹ̀ró ti lọ sódò. Ìbíyẹmí yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wọlé, ó mú epo pupa àti abẹ́rẹ́ jáde, ó jókòó síwájú ọkùnrin náà, ó sì gba ọwọ́ rẹ̀ kan sórí itan.

"Ẹ má fún un mọ́," ni ó wí. "Bí ẹ bá ń fún un, ńṣe ni yóò máa wọlé sí i. Ẹ jẹ́ kí epo rọ̀ ọ́ ná."

Ó ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Akínlàjà kò mira. Ó fẹ́ wúkọ́, ó gbé e mì, kí ọmọ náà má baà dákẹ́. Bí ọmọ náà ṣe ń yọ ẹ̀gún ló ń sọ fún un pé wọn kì í fa ahọ́n ẹkùn. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ bí ata ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ wà.

"Ẹ̀mí rẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ sínú igbó," ni ó wí. "Òkú rẹ̀ lẹ rù wálé."

Ọkùnrin tó ń hú kùkùté wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yìí títí. Ó wá wí pé, "Ìyá mi, kọ́ mi."

Àwọn méjèèjì jọ lọ, Ìbíyẹmí ló sì ṣíwájú. Nínú igbó, Akínlàjà ń nawọ́ sí gbogbo ohun ẹlẹ́gùn-ún tó bá rí, ọmọ náà ń mi orí. Èyí tó ní ẹ̀gún lára igi kọ́, ó ní. Ara igi ahọ́n ẹkùn ń dán ni. Etí ewé ni ẹ̀gún rẹ̀ wà. Ewé náà gùn, ó ya wọnú wọnú bí ẹni pé eyín ló fà á ya, ilà funfun sì wà lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun fà á. Ó ní kí Akínlàjà ti abẹ́ di egungun àárín ewé náà mú. Akínlàjà dì í mú pẹ̀lú ẹ̀rù. Kò gún un.

Ọmọ náà fi igi wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbòǹgbò fi hàn. Ó gé e sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn bí ìka, ó sì da yẹ̀pẹ̀ padà bo ìyókù. Wọ́n fi ewé kókò àti ilẹ̀ tútù wé e. Nígbà tí wọ́n délé, kò gbà kí wọ́n gbìn ín sáàárín àgbàlá. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló yàn, lábẹ́ igi ìyeyè, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Ó tẹ́ gbòǹgbò náà sílẹ̀ gbalaja, ó bu ilẹ̀ fẹ́lẹ́ lé e, ó fi ewé gbígbẹ bò ó.

Wọ́n wá ń retí. Ogún ọjọ́ kọjá, nǹkan kan kò hù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Ìbíyẹmí bá Akínlàjà ní ìlóṣòó níbẹ̀, ìka rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ o," ni ó wí. Akínlàjà yọ ìka rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń ṣọ́ ọkùnrin náà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jọ ń jókòó síbẹ̀. Akínlàjà ń sọ ọ̀rọ̀ oko fún un, òun náà ń sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń súfèé bí ẹyẹ. Ó sì ti ń jẹun tán.

Iṣu tuntun jáde, Ọdẹ́bíyìí dé. Ahọ́n ẹkùn kò tíì hù. Àwẹ̀ró ń gúnyán. Akínlàjà ti lérí lóko rí pé ẹni tó bá wá mú ọmọ náà, òun yóò gbé e padà sójú ọ̀nà tó gbà wá ni. Lọ́jọ́ yìí ó dọ̀bálẹ̀ kí àlejò, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì há itan.

Ọdẹ́bíyìí pe ọmọ náà, ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ó ti ṣe tán láti máa bọ̀ nílé. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá àgbà. N kò tíì lè lọ. Bí mo bá lọ báyìí, bàbá mi á hú ahọ́n ẹkùn náà wò."

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Ọdẹ́bíyìí. Àbúrò rẹ̀ ti lo ọdún méjì nínú ilẹ̀. "Bàbá rẹ wo?"

Ọmọ náà yíjú sí Akínlàjà. "Àwọn nìyẹn. Wọn kò ní sùúrù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kọ́ ọ."

Akínlàjà kò lè gbé orí sókè. Ọdẹ́bíyìí ní kí wọ́n mú òun lọ wo ohun tí wọ́n gbìn. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ilẹ̀ tútù lọ. Àgbàlagbà náà wo ilẹ̀, ó wo ọmọ tó lóṣòó tì í, ó sì wo ọkùnrin gìrìwò tó dúró lókèèrè, tó káwọ́ sẹ́yìn kí ó má baà fọwọ́ kan nǹkan. Ó padà wọlé, ó jẹyán, ó sì dá nìkan lọ. Akínlàjà sìn ín dé ẹnu ibodè.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Ọdẹ́bíyìí wí fún un.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Ọdẹ́bíyìí lọ, méjì hù nínú mẹ́ta. Nígbà tó ṣe, ó di igbó kékeré lẹ́yìn balùwẹ̀, àwọn ará Ìlọ́dàn tí ikọ́ ń bá jà sì ń wá tọrọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti nawọ́ láti fà á, Akínlàjà á dì í lọ́wọ́ mú, á ní kí ó dúró de ọmọ òun. Á wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí ó rí àpá inú wọn, á sì wí pé, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára."