Bàbá Dúdú tí Ìjàpá Pín fún Ìgbìmọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ṣé oúnjẹ kò tíì dà nínú yín ni? Ohùn yín rọ̀ bí ohùn ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé kejì náà gbọ́. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Láwùmí, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, kí àwọn àgbà ráyè na tiwọn. Baba Akínkúnmi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má sùn lé mi lórí lónìí, torí ọ̀rọ̀ àwọn olórí ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin náà sì ti ṣe káńsẹ́lọ̀ rí.

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò sọdá òkun, kò balẹ̀ síbì kankan àfi orí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ má bi mí pé ta ló mú Ìjàpá dé Amẹ́ríkà. Ibo ni Ìjàpá kì í dé? Ọmọ mi Ọlápéjú tó ń gbé ọ̀hún ló sọ fún mi pé ìdílé méjì ló ń du oyè ìlú náà, ìdílé Erin àti ìdílé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí Erin bá gun àga ńlá, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á máa ta ìpá lẹ́nu ọ̀nà. Bí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá gun àga ńlá, Erin á máa ti ògiri. Bí Erin bá ní ojúmọ́ ti mọ́, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á ní irọ́ ni, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni. Lásìkò tí mò ń wí yìí, Erin ló wà lórí àga.

Àṣà kan wà nílé ìgbìmọ̀ wọn. Bí òfin tuntun bá dé, Odídẹrẹ́ tó jẹ́ akéde á dìde, á bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ta ló kọ̀?" Bí ẹnì kan péré bá ní, "Èmi kọ̀," òfin náà kú nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọhùn títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta, Odídẹrẹ́ á ní, "Adákẹ́ ti gbà." Ó di òfin.

Ọ̀dá wá dá lọ́dún kan. Odò gbẹ, kànga gbẹ, àní itọ́ gbẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́. Ìsun omi kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣàn, ní ìdí igi ńlá kan láàárín ìlú. Orí igi yẹn ni Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Tilé toko ló ń mu omi náà, kò sẹ́ni tó ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ìjàpá jókòó létí omi náà, ó wò ó títí. Kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ o. Ó padà sílé, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Yánníbo, o rí omi yẹn? Lásán ló ń ṣàn."

"Kò ṣàn lásán, bàálé mi. A ń mu ún."

"Ohun tí gbogbo ayé ń mu tí wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, lásán ló ń ṣàn. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣu ni kí wọ́n sì máa fi dúpẹ́."

Ìjàpá bá dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Ìtọ́jú Omi fún Ire Gbogbo Wa. Òun ni ọ̀gá, òun ni akọ̀wé, òun náà sì ni gbogbo wa.

Ó gbé òfin rẹ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí kọ́ńpìnnì òun ṣọgbà yí ìsun náà ká. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu wá, òun á so okùn pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n bá bá nínú ọgbà láìní okùn, kí wọ́n jù ú sẹ́yìn odi ìlú, kó má padà wá mọ́.

Odídẹrẹ́ ní, "Ta ló kọ̀?"

Erin kọ̀. Nígbà tí Erin ti kọ̀, ó yẹ kí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbà, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ òun náà. Ó kọ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ kọ̀. Ìjàpá ká òfin rẹ̀ mọ́ abíyá, ó fà wálé.

Nígbà tó délé, ó bi Yánníbo pé oúnjẹ dà. Yánníbo ní, "Mmm." Ó bi í pé ṣé kò sè é ni. Yánníbo ní, "Mmm." Ìjàpá fẹ́ bínú, àfi bó ṣe wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó rí i pé ó wú. Bàbá dúdú ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti lẹ eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀.

Ìjàpá jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ìkarahun rẹ̀ fi ń lu ògiri.

Ọjọ́ kejì, ó kó àgbọn jọ, ó fún omi rẹ̀, ó da ṣúgà sí i, ó sè é títí ó fi dúdú. Ó da oyin sí i. Ó tún da oje igi sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ eyín dáadáa. Ó ṣù ú róbótó róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ó tò ó sínú àwo, ó di ilé ìgbìmọ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú," ni Ìjàpá wí, ó ń dọ̀bálẹ̀ káàkiri. "Ẹ fi eléyìí panu. Kì í ṣe rìbá o. Ọ̀wọ̀ ni."

Erin mú márùn-ún. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ka ti Erin, ó mú mẹ́fà, kí ìdílé Erin má baà rẹ́ ìdílé tirẹ̀ jẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò sórí nǹkan kan.

Odídẹrẹ́ dìde. "Ta ló kọ̀?"

"Mmm," ni Erin wí.

"Ta ló kọ̀?"

"Mmm, mmm," ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wí, ó ń lá ètè rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Ìjàpá kò dúró lójú kan mọ́, ayọ̀ ti ń gùn ún. Àfi bí ohùn kan ṣe dún lójú fèrèsé pé, "Èmi kọ̀." Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ó so rọ̀ níbẹ̀, ó fi ìrù di igi mú. Òfin tún kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́, ẹ rọra. Ìjàpá lẹ rò pé ó ti tán? Ó dúró de ọjọ́ tí Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ wá ẹyìn lóko fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbé bàbá dúdú dé, ó gbé òfin kékeré kan dé pẹ̀lú rẹ̀. Òfin ọ̀hún kò ju gbólóhùn kan lọ: ohùn ẹni tí kò ní àga nílé ìgbìmọ̀, ohùn kọ́.

"Ta ló kọ̀?" Mmm. "Ta ló kọ̀?" Mmm. "Ta ló kọ̀?" Mmm. Adákẹ́ ti gbà.

Lọ́jọ́ kejì ni ó tún gbé òfin omi dé, bàbá dúdú náà ò sì gbẹ́yìn. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ so rọ̀ lójú fèrèsé, ó ní, "Èmi kọ̀, èmi kọ̀, èmi kọ̀," títí ohùn rẹ̀ fi há.

Odídẹrẹ́ yí ọrùn sí i. Ó ní, "Mo gbọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n òfin ní n kò gbọ́. Adákẹ́ ti gbà."

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbà ṣe yí omi ká. Ìjàpá ò gba ará ìlú sí iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọgbà náà. Ó ní ará ilé á máa ṣàánú ara wọn. Ó ránṣẹ́ sí Ìkookò mẹ́ta ní ìlú òkèèrè, tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n. Wọn kò fojú kan Ìjàpá rí; ìlànà tó fi ránṣẹ́ sí wọn ni pé, "Ẹni tí kò bá ní okùn pupa lọ́rùn, ìbáà ṣe bàbá mi, ẹ mú un."

Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé Ìjàpá. Ó jẹ sísè, ó jẹ sísun, ó jẹ gígún. Lójoojúmọ́, kọ́ńpìnnì ń gbé omi tútù àti bàbá dúdú lọ sílé ìgbìmọ̀, nítorí náà àwọn ìgbìmọ̀ kò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ìlú. Àwọn ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ń lá ìrì lára ewé. Ìyá wọn mú ara rẹ̀, ó lọ bá Ìjàpá nílé.

"Bàbá, ìdí igi mi ni omi yìí wà. Àwọn ọmọ mi ń rí i látòkè, wọn ò lè mu ún. Ẹ dákun, ẹ bu igbá kan fún wa."

"Ẹ mú iṣu wá."

"Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í gbin iṣu, bàbá."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín," ni Ìjàpá wí, ó ti iyán bọ ẹnu.

Mo bínú sí i níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ bá mi bínú díẹ̀ ká tó máa lọ.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú ganrínganrín. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ìjàpá ti fi bàbá dúdú ìlọ́po méjì ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, torí ó fẹ́ gbé òfin òjìji dé lálẹ́ ọjọ́ náà: ẹni tó bá jókòó sábẹ́ igi, kó mú iṣu wá. Ó jẹ iṣu yó, ooru mú un. Ó ní kí òun lọ wẹ̀ nínú omi òun. Yánníbo na okùn pupa sí i.

"So eléyìí mọ́rùn, bàálé mi."

"Ta ní í so àmì mọ́ onílé lọ́rùn?"

Ó wọ inú ọgbà, ó bọ́ sómi, ó ń fi orin ṣeré. Ìkookò mẹ́ta bá yọ sí i.

"Okùn rẹ dà?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Ìjàpá. Èmi ni mo gbà yín."

"Gbogbo olè tí a mú lóṣù yìí ló ń jẹ́ Ìjàpá," ni àgbà Ìkookò wí. "Okùn dà?"

"Ó wà nílé. Èmi ni mo ṣe òfin!"

"Ọ̀gá wa ní ìbáà ṣe bàbá òun."

Wọ́n gbé e ní ìdojúdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wá ilẹ̀ lófuurufú, ó di ilé ìgbìmọ̀. Nígbà tí Ìjàpá rí Erin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lórí àga wọn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyí.

Odídẹrẹ́ dìde. "Ẹnì kan rèé tí kò ní okùn. Òfin ní ká jù ú sẹ́yìn odi. Ta ló kọ̀?"

"Èmi kọ̀," ni Ìjàpá ké.

"Ṣé o ní àga níbí?"

Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò ní àga. Kò fìgbà kan ní àga rí. Ẹnu àwọn tó ní àga ló ti ń lò láti ọjọ́ yìí. Ló bá fi orin sí i. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa ẹnu dé, imú ni kí ẹ fi gbe ègbè:

Erin ńlá, ẹ dá mi mọ̀,
Mmm, mmm.
Èmi ló ń gbé bàbá dúdú wá,
Mmm, mmm.
Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ gbà mí o,
Mmm, mmm.
Ẹ la ẹnu, ẹ ní ẹ kọ̀,
Mmm, mmm.
Wọn á jù mí sẹ́yìn odi,
Mmm, mmm.

Erin mọ̀ ọ́n. Omijé bọ́ lójú Erin. Ó fi ọwọ́jà fa àgbọ̀n rẹ̀ nísàlẹ̀, eyín kò là. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ìpá títí àga rẹ̀ fi kán, "mmm" náà ló jáde.

"Ta ló kọ̀?" Ó di ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìjàpá gbé ojú sókè. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lójú fèrèsé. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ìjàpá kò lè bẹ̀ ẹ́, ojú tì í. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èmi kọ̀," ló wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ìjàpá ni. Ìkà ni, ṣùgbọ́n ará ìlú wa ni."

Odídẹrẹ́ yí ọrùn sí i. "Mo gbọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n òfin ní n kò gbọ́. Ta ló kọ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta pé. Adákẹ́ ti gbà."

Àwọn Ìkookò fì í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fì í lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sọ ọ́ nù. Ó ré kọjá odi, a gbọ́ gbìì ní ìhà kejì.

Nígbà tí ọ̀gá kò sí mọ́, ta ni yóò gbé omi lọ sílé ìgbìmọ̀? Bàbá dúdú wà lẹ́nu wọn, oyin ń jó wọn lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n sáré lọ sídìí ìsun. Ìkookò ní, "Okùn yín dà?" Wọ́n ní, "Mmm." Ìkookò ní mmm kì í ṣe okùn. Òùngbẹ kò mọ òfin, ẹ̀yin èèyàn mi. Erin fi orí gbá ọgbà, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi ẹ̀yìn ta á ní ìpá, ọ̀rọ̀ di bí o kò lọ o yà fún mi. Ọgbà wó pátápátá, àwọn Ìkookò sá gba ìlú wọn lọ. Ìgbìmọ̀ mu omi títí eyín wọn fi là.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Erin ni pé, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló fà á."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní, "Erin ni."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ kò dá sí wọn. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ ẹnu bomi, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè iṣu. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ìlú gbé àga fún un. Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ ló ní kí wọ́n gbé e sí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, Erin ni o, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni o, á kọ́kọ́ la ẹnu, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ á yọjú wò ó dé ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n Ọlápéjú ní títí dòní, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ẹ̀yìn odi, òórùn àgbọn a máa wọ̀lú, imú àwọn ìgbìmọ̀ a sì máa mì.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Olórí tó jẹ́ kí olówó di òun lẹ́nu, kò ní rí ẹnu gba ìlú là, kò sì ní rí ẹnu gba olówó náà là. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹni tó bá pa ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu mọ́, òun náà ń bọ̀ wá nílò ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí mo bá parọ́, kí bàbá dúdú lẹ eyín mi pọ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Bí n kò bá parọ́, ẹ gbọ́ bí ẹnu mi ṣe ń là: pó, pó, pó.

Ó yá, ẹni tó bá ti ṣe olórí rí nínú agbo yìí, kó la ẹnu kí n wò. Ọ̀dọ̀ yín ni kí a ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Baba Akínkúnmi. Bàbá? Ẹ̀yin la ń bá sọ̀rọ̀.

"Mmm," ni Baba Akínkúnmi wí.